Àpótí Mẹ́jọ àti Aṣọ Pupa Bàbá Zinsu

Ilé Olóògbé Akínlóyè,
Etí Òkun, lódìkejì ọ̀sà, ẹ̀gbẹ́ Gbaji,
Àgbádárìgì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1997.

Déọlá ọmọ mi, ọmọ Akínlóyè, ọmọ tí mo bí tí mi ò kábàámọ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù yàrá iṣẹ́ rẹ yẹn ò tíì wọ inú egungun rẹ? Èmi ìyá rẹ ń bẹ láyé, eyín mi tó ń mì nígbà tí o lọ ti yọ, àwa méjèèjì sì ti sinmi. Ọlọ́run tó mú ọ kọjá ọ̀sà lọ sí Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Ẹni tó bá ní kí o má jókòó síbi tí o jókòó sí, ìdúró ni tirẹ̀ títí alẹ́. Àmín.

Èmi fúnra mi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ àgbà tí Tíṣà Gbọ́láhàn ń kọ́ wa lọ́jọ́ Sátidé ló so èso. Tíṣà náà ni ọmọ Èkìtì tó kàwé ní Òtò, tí owó oṣù rẹ̀ ń rìn bí ìgbín láyé ológun yìí, ṣùgbọ́n tó ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá rí ibi tí lẹ́tà mi ti wọ́, kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n kọ, àtùpà ló ń kú, kẹrosíìnì ti di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n.

Lẹ́tà tìrẹ dé ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Bẹntiróòlù ò sí, ọkọ̀ ò rìn. Awakọ̀ tó mú un bọ̀ ní àwọn sójà dá òun dúró lójú títì, wọ́n tú lẹ́tà náà wò, wọ́n rí àwòrán àpótí mẹ́jọ tí o fi ìlà so pọ̀, wọ́n sì bi í bóyá ìbọn ni. Ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ọ̀kan nínú wọn wá ní ìlà náà gún régé, kí ó máa gbé e lọ. Inú mi dùn gan-an pé odindi sójà yin ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ mi. Bí sójà kankan bá sì tún ń ka èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀rọ̀ ẹja àti àpótí ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan míì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ rẹ ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ pé ìyá rẹ kì í ṣe òpè. Àwọn kọ̀ǹpútà wà ní òkè kìíní, òkè kejì, títí dé òkè karùn-ún ilé iṣẹ́ yín, wọn ò sì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ àfi kí ọ̀rọ̀ gba inú àwọn àpótí rẹ kọjá. Suwíìṣì lo pè wọ́n. Tíṣà ní kì í ṣe ti iná ara ògiri, mo ní mo mọ̀, ta ló sọ pé òun ni. O to àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ léra wọn, o fi okùn kúkúrú so wọ́n mọ́ra láti òkè dé ìsàlẹ̀, o wá fa okùn ti ìsàlẹ̀ padà sí ti òkè, kó lè jẹ́ pé bí okùn kan bá já, ọ̀rọ̀ á yípo gba ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà o sọ gbogbo wọn di ẹyọ kan, orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́, olórí kan ni wọ́n ní. O jókòó, o bá olórí sọ̀rọ̀, olórí sọ fún àwọn ìyókù, gbogbo wọn sì ṣe é. Déọlá, mo mọ ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó méjì péré tí kò rí irú ètò yẹn ṣe nínú ilé rẹ̀.

O tún ní o pín wọn sí yàrá tí ojú ò rí, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣírò owó kì í dé etí àwọn tó ń gba àlejò, bẹ́ẹ̀ okùn kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Mo sọ èyí nídìí ààrò níbi tí a ti ń yan ẹja. Àwọn obìnrin ní kí n bi ọ́ bóyá o lè wá ṣe irú rẹ̀ sí abúlé wa, torí ohun tí ènìyàn bá sọ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, bó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti dé Sẹ̀mẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí àwọn àpótí tó dá a lóhùn, tí o ní ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, mo ti bá ọ wá èyí tó dára jù. Lo oríkì ìyá ìyá mi, Àṣàbí. Kò sí ọmọ Èkó tó lè mọ̀ ọ́n láé. Mo ti fi lọ gbogbo àwọn obìnrin ìdí ààrò, gbogbo wọn gbà pé ó dára, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dùn mọ́ mi nínú lẹ́tà rẹ. O ní o ò ní lè wálé lọ́dún yìí náà, bí o ò ṣe wá léṣìí, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó mọ tinú àwọn àpótí yẹn. Mo kà á, mo pa á dé, mo tún ṣí i, mo tún kà á. Màá padà sórí ìyẹn.

Ìròyìn ilé wá kù, kò sì kéré. O mọ̀ pé àwọ̀n ńlá kan ṣoṣo ni abúlé wa ní, apá òsì, apá ọ̀tún, àpò láàárín. Bàbá rẹ ló hun àpò yẹn, oṣù mẹ́fà gbáko, lọ́dún tí mo bí ọ, ó máa ń fi ẹsẹ̀ mì ọ́ lórí ẹní bó ṣe ń hun ún. Inú àpò yẹn náà ni owó ilé-ìwé rẹ ti jáde láti ilé-ìwé kékeré títí dé yunifásítì. O tún mọ̀ pé Bàbá Zinsu ni olórí àwọ̀n. Ogún ènìyàn á wà lórí okùn òsì, ogún lórí okùn ọ̀tún, wọ́n á jìnnà síra wọn bí mọ́ṣáláṣí ṣe jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, òkun á sì máa ké tí ẹnì kan ò ní gbóhùn ẹnì kejì. Bàbá Zinsu á dúró lórí òkìtì iyanrìn láàárín pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́. Ó nà án sí òsì, òsì á fà. Ó nà án sí ọ̀tún, ọ̀tún á fà. Ó gbé e sókè, gbogbo wọn á fà. Nítorí náà ni kò fi sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú aṣọ pupa débẹ̀ lọ́jọ́ àwọ̀n. O rántí ọjọ́ tí o wọ búláòsì pupa lọ, tí wọ́n lé ọ dé ẹnu ọ̀nà wa.

Níparí oṣù kẹjọ, ojú Bàbá Zinsu tó ti ń ṣú bọ̀ láti ọdún mẹ́rin wá ṣú tán. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ lódìkejì bodè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Kò fi aṣọ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó fi kọ́ ìṣó nínú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí níbí, olórí tó bá dárúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, a máa ń sọ pé ó ń gbẹ́ sàréè ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í, òun náà ò sọ.

Ìgè ni olórí okùn òsì, Sagbo ni olórí okùn ọ̀tún. Ìgè fi ọdún mọ́kànlá ju Sagbo lọ. Sagbo ní tirẹ̀ mọ òkun bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìgè wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbádárìgì, ó ra aṣọ pupa. Sagbo náà lọ, ó ra tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a dé etí òkun pẹ̀lú agbada lórí, òkìtì iyanrìn méjì la bá níbẹ̀, ọkùnrin méjì lórí rẹ̀, aṣọ pupa méjì. Àwọn òsì ń wo Ìgè, àwọn ọ̀tún ń wo Sagbo. Bí àwọn yìí ti ń fà ni àwọn yẹn ń dẹ̀ ẹ́. Àwọ̀n yí po, ẹnu àpò pa dé, igun rẹ̀ kan ya, gbogbo ẹja ṣáwá tí a ti ń rí tí wọ́n ń dán nínú omi sì bá ibẹ̀ jáde. A gbé agbada òfìfo padà sílé. Èmi ò sunkún, àmọ́ mo jókòó.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọ̀n ò fi wọ omi. Ààrò tutù. Àwọn tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì wá ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan wá ń kí àwọn ẹlòmíràn lásìkò oúnjẹ. Níkẹyìn ilé Ìgè àti ilé Sagbo fẹnu kò lórí ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé kí wọ́n gé àwọ̀n sí méjì. Wọ́n dá ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Ìwọ náà mọ ohun tí mo rò. Bí wọ́n bá gé àwọ̀n láàárín, àpò ni wọ́n máa gé. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ ni wọ́n máa là sí méjì, kò sì sí ìlàjì tó máa mú ẹja láéláé.

Mo pọn omi, mo wẹ̀, mo wọ ìró tí o rà fún mi, mo fi lẹ́tà rẹ sínú rẹ̀, mo lọ. Mo bá wọn lábẹ́ àwọn igi àgbọn, ọ̀bẹ ti wà lórí àwọ̀n. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ Akínlóyè kọ láti Èkó lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Nítorí mo rò pé ọ̀ràn yìí lo kọ nípa rẹ̀, Déọlá. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń ka lẹ́tà yẹn nílé, mo rò pé o ti gbọ́ ìròyìn wa, o sì ń fi àpótí pa òwe kó má baà dun ẹnikẹ́ni. Tíṣà ló padà sọ fún mi pé àpótí ni àpótí.

Mo kà á sókè. Wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo ka ibi tí o ti ní kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì dá, o máa ń fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àti pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni olórí. Mo ka ibi tí o ti ní lọ́jọ́ tí iná wá pẹ̀lú agbára tí olórí kú, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé e gba ipò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹnì kan ò mọ̀ nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá rẹ tó ti ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin sì wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo tún ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò kan ìpàdé náà, èmi ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Mo wá dé ibi tí o ti ní bí okùn àárín bá já tí àwọn àpótí pín sí méjì, ìhà kọ̀ọ̀kan á yan olórí tirẹ̀, olórí méjèèjì á máa jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n á máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì á sì sọnù sáàárín wọn. Déọlá, nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, ẹ̀rín tán. Ìgè wo àwọ̀n. Sagbo wo ilẹ̀. Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń fa okùn ní àwọn ò mọ̀ pé ìròyìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ti dé Èkó.

Ẹlòmíràn wá béèrè pé kí ni à á ti wí ní ti àpótí tí kò sẹ́ni tó fún ní nọ́ńbà, tó kàn dìde lóru tó ní òun ni olórí, kí gbogbo ìyókù dákẹ́. Ibẹ̀ ni Tíṣà Gbọ́láhàn ti dìde, tó ní kí n yára ká lẹ́tà náà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀ láti ojú títì. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò mọ ohun tó ń mú un làágùn.

Wọ́n ní ó dára, ta ni yóò fún wọn ní nọ́ńbà? Tíṣà ní ẹni tí kò di okùn kankan mú ni. Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Mo gbàdúrà sínú, mo rántí pé o ní kì í ṣe èyí tó pẹ́ jù lo fún ní nọ́ńbà tó ga jù, èyí tí agbára rẹ̀ gbé e jù ni. Mo fún Sagbo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nọ́ńbà tó ga jù nínú lẹ́tà rẹ. Mo fún Ìgè ní mẹ́rìnlá. Ìgè dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ṣé ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni yóò máa na aṣọ sí òun. Mo ṣí lẹ́tà padà, mo ka ibi tí o ti ní ìkejì kì í ṣe ìránṣẹ́, pé gbogbo ohun tí olórí mọ̀ ni ìkejì fi pamọ́ sí ikùn, torí bí kò bá sí òun, ikú olórí ni ikú gbogbo wọn. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn ìyàwó òun tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ aṣọ pupa tirẹ̀ lápò, ó fi dí ojú ibi tó ya lára àpò àwọ̀n, ó sì mú ọ̀bẹ kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo abúlé ló ń bẹ̀ mí fún nọ́ńbà. Wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sára ọkọ̀, sára agbada, sára ilẹ̀kùn. Ààrẹ ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe, mo kọ̀, mo mú mẹ́sàn-án, ó tó mi.

Ọjọ́rú tó kọjá ni Bàbá Zinsu dé láti Àjàṣẹ́, kò ránṣẹ́ ṣáájú. Àwọ̀n ti wà lójú omi, Sagbo ló wà lórí òkìtì pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú rẹ̀ kan, èkejì là kedere. Ó dúró, ó ń wò. Mo mọ ohun tí lẹ́tà rẹ wí, pé olórí àtijọ́ tó bá jí kì í já ipò gbà, ńṣe ló máa kọ́kọ́ béèrè bóyá olórí ti wà, bó bá ti wà, á darapọ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Bàbá Zinsu ò gbọ́ lẹ́tà kankan. Sagbo rí i, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀. Bàbá mirí sí i pé rárá. Ó ṣí fìlà, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọjá, ó rìn dé ìdí okùn òsì pátápátá, lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn, ó wé okùn mọ́ ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ẹja tí a mú lọ́jọ́ náà, a ò rí irú rẹ̀ láti bí ọdún méjì. Nígbà tí a pín in tán, Bàbá Zinsu jókòó sórí iyanrìn, ó ní ọdún mọ́kàndínlógún ni òun fi na aṣọ yẹn, òun ò mọ rí bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó ń fa okùn, pé ó dára púpọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìgè tó ń fa imú ní òjò ló ń rọ̀ sóun lójú. Òjò kankan ò rọ̀.

Mo wá ka lẹ́tà rẹ fún Bàbá Zinsu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí léèrè pé Déọlá alára ńkọ́, ta ló gba nọ́ńbà tó tẹ̀ lé tirẹ̀? Ọmọ mi, ìwọ tó mọ̀ pé olórí kì í dá nìkan mọ nǹkan, kí ló dé tí ìwọ nìkan mọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀? Kọ́ ẹnì kan. Fún un ní mẹ́rìnlá. Jẹ́ kí gbogbo ohun tí o mọ̀ wà ní ikùn rẹ̀, kí o wá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan bíi ti Bàbá Zinsu, kí o wo bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe rí láti ẹ̀yìn.

Mo di àgbọn mẹ́jọ ránṣẹ́, ọ̀kan fún àpótí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tóbi jù ni ti olórí, má ṣe pààrọ̀ wọn. Bí wọn ò bá jẹ ẹ́, kí o jẹ ẹ́ níwájú wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ilé rántí wọn. Àdín àgbọn tó wà nínú ìgò ni kí o máa fi para kí o tó wọ yàrá òtútù.

Mo nílò owó òwú ọ̀rá tí a ó fi tún àpò bàbá rẹ ṣe, nítorí aṣọ pupa Ìgè kò lè dí i mọ́ ẹja títí ayé. Mi ò fẹ́ kí o fi rán awakọ̀, mi ò sì fẹ́ kí o fi sínú lẹ́tà. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi mú un wá. Èmi yóò di àpò mú, ìwọ yóò sì hun ún, kí ọwọ́ ọmọ lè kan ibi tí ọwọ́ bàbá kàn.

Okùn tó so ọ́ mọ́ ilé kò ní já. Ibi tí o bá tan iná sí, òkùnkùn kò ní gbà á. Ẹni tí o bá kọ́, kò ní ṣe ọ́ níbi. Òkun yóò máa kí ọ, ọ̀sà yóò máa gbé ọ, ìwọ yóò bá wa nílé. Àmín, àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tòótọ́,
Fàúsátù Akínlóyè,
Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án.